Ẹ Gbẹ́ Ilẹ̀ Wò Kí Ẹ Tó Da Ajílẹ̀: Bí Ilẹ̀ Ṣe Ń Mú Gbòǹgbò Wẹ́wẹ́ Dàgbà, àti Bó Ṣe Ń Pa Á

Ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn tó ń gbin nǹkan: "Mo ti da ajílẹ̀ sí i, mo ń bomi rin ín déédéé, síbẹ̀ ewé rẹ̀ ń pọ́n, kò sì dàgbà. Kí ni kí n tún dà sí i?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ ti wo gbòǹgbò rẹ̀?" Ẹni tó ti wò ó kò wọ́pọ̀. Ìdí tí mo fi kọ ìtọ́sọ́nà yìí nìyẹn. Kí ẹ tó da ohunkóhun sílẹ̀, ẹ gbẹ́ ilẹ̀ náà, kí ẹ fojú ara yín rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀.

Kì í ṣe gbòǹgbò ńlá tó di igi mú ni mò ń sọ. Àwọn tín-ín-rín ni, àwọn tí ìnípọn wọn kò tó mìlímítà 2, pẹ̀lú irun gbòǹgbò tó rí bí fọ́nrán òwú lẹ́bàá ṣóńṣó wọn. Àwọn ló ń fa omi, àwọn ló ń fa oúnjẹ. Púpọ̀ jù lọ nínú wọn kò sì jìn: àárín sẹ̀ǹtímítà 30 àkọ́kọ́ ni ẹ ti máa bá wọn. Irun gbòǹgbò kì í pẹ́ láyé. Ọjọ́ mélòó kan tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló ń lò kó tó kú, tí òmíràn á sì hù níwájú, níbi tí ṣóńṣó gbòǹgbò bá dé. Tí ṣóńṣó yẹn bá dúró, tí kò lọ síwájú mọ́, irun tuntun kò ní hù, èyí tó wà tẹ́lẹ̀ á kú, ebi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa ohun ọ̀gbìn náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé oúnjẹ kún ilẹ̀ fọ́fọ́.

## Ohun tí ẹ máa kó sílẹ̀

- Ṣọ́bìrì tàbí ọkọ́
- Irin tín-ín-rín kan tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 60
- Garawa omi kan
- Rúlà
- Ìgò oníke mẹ́ta tó mọ́ gaara
- Ohun tí wọ́n fi ń wọn pH ilẹ̀ (nọ́ńbà tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe kan tó hàn: bó bá ṣe kéré sí ni kíkan rẹ̀ ṣe pọ̀ sí), ì báà jẹ́ bébà tàbí ẹ̀rọ kékeré

## Bí ẹ ṣe máa gbẹ́ ẹ wò

1. Ẹ dúró di ọjọ́ kan tàbí méjì lẹ́yìn tí òjò rọ̀ tàbí tí ẹ bomi rin ilẹ̀. Ilẹ̀ tó gbẹ táútáú á já gbòǹgbò wẹ́wẹ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Èyí tó di ẹrẹ̀ kò ní jẹ́ kí ẹ rí nǹkan kan.
2. Ẹ mú ohun ọ̀gbìn méjì tí ọjọ́ orí wọn dọ́gba: ọ̀kan tó ń ṣòjòjò, ọ̀kan tó ń ṣe dáadáa. Láìsí èyí tó dára, ẹ kò ní rí ohun tí ẹ máa fi wé èyí tó ń ṣàìsàn.
3. Ẹ má gbẹ́ ìdí igi gan-an. Ẹ wo ibi tí ewé rẹ̀ nà dé, kí ẹ gbẹ́ ilẹ̀ tó wà lábẹ́ etí ewé yẹn, sẹ̀ǹtímítà 30 ní fífẹ̀, 30 ní jíjìn. Tó bá jẹ́ ewébẹ̀ kékeré, ẹ lè hú u tòun ti ilẹ̀ ìdí rẹ̀.
4. Ẹ gbé ìṣù ilẹ̀ náà jáde ní odindi sórí àpò tàbí ọ̀rá. Ẹ fi ọwọ́ là á, ẹ má jù ú mọ́lẹ̀. Bó ṣe là yẹn ti sọ nǹkan fún yín: ilẹ̀ tó dára ń fọ́ sí hóró kéékèèké, èyí tó ti kì ń là pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ tàbí kó dúró gbagidi bíi bíríkì.
5. Kí ẹ tó fọ̀ ọ́, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí ni ẹ ń wá. Tó bá ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́, afẹ́fẹ́ ti tán níbẹ̀.
6. Ẹ rì í sínú garawa omi fún ìṣẹ́jú 10 sí 20, kí ẹ wá máa mì ín jẹ́jẹ́ títí ilẹ̀ á fi bọ́. Ẹ má gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára. Irun gbòǹgbò á bọ́ dànù, ẹ á sì rò pé kò ní rárá.

## Ohun tí gbòǹgbò náà ń sọ

Ibi tó yẹ kí ẹ ti fara balẹ̀ jù lọ rèé, nítorí àṣìṣe tó bá wáyé níbí ló máa ń sọ gbogbo iṣẹ́ tó kù di asán.

Ṣóńṣó funfun, ẹ̀ka púpọ̀, ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ara rẹ̀ dá. Ilẹ̀ tó lẹ̀ mọ́ ọn yẹn, irun gbòǹgbò àti oje tí gbòǹgbò ń tú jáde ló dì í mú.

Ó di bíráùn, ó rọ̀ bẹ̀tẹ̀, tí ẹ bá fi ìka méjì fà á, èèpo rẹ̀ á yọ, okùn tín-ín-rín kan ṣoṣo á kù lọ́wọ́ yín. Jíjẹrà ni. Omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ ti tán, àwọn kòkòrò àrùn tó fẹ́ràn omi sì ti wọlé.

Ó kúrú, ó nípọn, ṣóńṣó rẹ̀ kùǹdù, ẹ̀ka rẹ̀ kò tó nǹkan. Ohun méjì ló lè fà á: ilẹ̀ tó le jù, tàbí ilẹ̀ tó kan jù. Ojú nìkan kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Irin àti pH ló máa là á fún yín, a máa dé ibẹ̀.

Ó ń lọ sísàlẹ̀ dáadáa, ó wá ṣàdéédéé yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó pàdé ògiri. Ògiri náà ló pàdé lóòótọ́. Ẹ fi rúlà wọn ibi tó ti yà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ líle ti bẹ̀rẹ̀.

Kókó-kókó lára rẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀wà, ẹ̀pà tàbí ẹbí wọn ni, ẹ má tíì bẹ̀rù. Ẹ fi èékánná tì í. Kókó tí bakitéríà tó ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn ń gbé máa ń tètè bọ́, nítorí ẹ̀gbẹ́ gbòǹgbò ló so mọ́. Tí ẹ bá sì là á, inú rẹ̀ á pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́. Ìyẹn dára. Kókó tí aràn tíntìntín inú ilẹ̀ fà yàtọ̀: gbòǹgbò fúnra rẹ̀ ló wú, kò ní bọ́ àfi tí ẹ bá já gbòǹgbò náà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìkìlọ̀ kan kún un. Gbòǹgbò tó bá pupa tàbí tó dúdú kì í ṣe òkú ní gbogbo ìgbà. Ọ̀pọ̀ igi ló jẹ́ pé gbòǹgbò wẹ́wẹ́ wọn máa ń dúdú bó bá ti ń dàgbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́: èyí tó wà láàyè á tẹ̀, á sì fẹ́ nà padà, èyí tó ti kú á dá pẹ́kẹ́ tàbí kó fọ́ mọ́ yín lọ́wọ́.

## Àkọ́kọ́: afẹ́fẹ́ àti omi

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibí, ohun yòówù kí ẹ ti rò tẹ́lẹ̀. Gbòǹgbò ń mí. Ọ́síjìn ló ń lò láti fi dàgbà àti láti fi fa oúnjẹ wọlé, àárín ihò wẹ́wẹ́ inú ilẹ̀ ni ọ́síjìn náà sì ń gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Tí omi bá dí gbogbo ihò yẹn, ọ̀nà ti dí nìyẹn, torí ọ́síjìn ń rìn nínú omi ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000 lọ́ra ju bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́ lọ. Ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn máa ń fẹ́ kí ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ilẹ̀ tó yí gbòǹgbò wọn ká jẹ́ afẹ́fẹ́. Ìrẹsì lè dúró sínú omi nítorí pé ó ní ihò tó ń gbé afẹ́fẹ́ láti ewé wá sí gbòǹgbò. Àgbàdo àti tòmátì kò ní irú ihò bẹ́ẹ̀ ní sẹpẹ́.

Ohun tó ń tan àwọn ènìyàn jẹ níbí ni pé ohun ọ̀gbìn tí omi pọ̀ ní ìdí rẹ̀ máa ń rọ, bí ẹni pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Gbòǹgbò tó ti kú kò lè fa omi mọ́. Ẹni tó ni ín á rí i pé ó rọ, á tún bu omi sí i. Bí wọ́n ṣe ń pa á nìyẹn, pẹ̀lú ìfẹ́.

Ẹ yẹ ìrìn omi wò báyìí:

1. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí fífẹ̀ rẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀.
2. Ẹ bu omi kún un, kí ẹ jẹ́ kó fà tán pátápátá. Èyí kò tíì sí nínú ìwọ̀n. Ilẹ̀ ni ẹ kọ́kọ́ ń rin.
3. Ẹ tún bu omi kún un. Ẹ fi rúlà wọn bó ṣe lọ sílẹ̀ sí láàárín wákàtí kan.
4. Tó bá lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2.5 sí 7.5, ó dára fún ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn. Tí kò bá tó 2.5, omi ń dúró jù. Tó bá ju 10 lọ, ilẹ̀ náà kì í di omi mú, gbòǹgbò wẹ́wẹ́ òkè á sì máa gbẹ láàárín ọjọ́ tí ẹ fi ń bomi rin ín.

Tí omi bá ń dúró, ẹ ga ilẹ̀ sókè. Ebè tàbí poro tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30 ń fún gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ní ibi gbígbẹ láti mí, kódà tí ìsàlẹ̀ bá rẹ. Ẹ la ọ̀nà omi síbi tó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ dín bíbomirin kù: ẹ fi ìka ti ilẹ̀ dé sẹ̀ǹtímítà 5, tó bá ṣì tutù, ẹ fi í sílẹ̀. Ajílẹ̀ tó ti jẹrà dáadáa ń la ihò sínú ilẹ̀ alámọ̀, ó sì ń ran ilẹ̀ oníyanrìn lọ́wọ́ láti di omi mú. Nǹkan kan ṣoṣo tó ń wo àìsàn méjì tó takora báyìí kò wọ́pọ̀, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè ṣe kí n má dárúkọ rẹ̀ léraléra.

Ẹ má bu iyanrìn díẹ̀ sínú ilẹ̀ alámọ̀. Mo mọ̀ pé wọ́n máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n amọ̀ á kàn lọ dí àárín hóró iyanrìn náà ni, ilẹ̀ á sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kó tó ṣiṣẹ́, iyanrìn ní láti pọ̀ ju amọ̀ lọ fíìfíì.

Ti òùngbẹ náà ṣe pàtàkì. Nínú ilẹ̀ tó ń gbẹ, gbòǹgbò máa ń sunkì díẹ̀, ó sì máa ń yà kúrò lára ilẹ̀; àlàfo yẹn nìkan ti tó láti dá omi dúró. Ṣóńṣó gbòǹgbò máa ń yí sí ọ̀nà tí ọ̀rinrin wà, ó sì máa ń yọ ẹ̀ka sí ẹ̀gbẹ́ tó fara kan omi ju ẹ̀gbẹ́ tó wà nínú àlàfo gbígbẹ lọ. Nítorí náà, omi díẹ̀-díẹ̀ lójoojúmọ́ ń kọ́ gbòǹgbò láti máa gbé òkè, níbi tí oòrùn ti máa kọ́kọ́ pa á. Omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ wá fún un láyè, ló ń fà á lọ sísàlẹ̀.

## Ìkejì: ilẹ̀ tó le

1. Nígbà tí ilẹ̀ bá rin, ẹ fi irin tín-ín-rín yẹn ti ilẹ̀ tààrà, pẹ̀lú agbára kan náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.
2. Ibi tó bá ti fẹ́ kọ̀ fún yín, ẹ dì í mú níbẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ wọn ọ́n.
3. Ẹ ṣe é ní ibi 10, ó kéré tán. Ibi kan ṣoṣo lè jẹ́ òkúta.
4. Tí iye tí ẹ wọ̀n níbi púpọ̀ bá sún mọ́ra, bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sí 20, pẹpẹ líle ló wà níbẹ̀. Ọkọ́ tàbí ẹ̀rọ ìtúlẹ̀ tó ń dé ibì kan náà lọ́dọọdún ló sábà máa ń dá a sílẹ̀.

Ẹ má ṣe é nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Ilẹ̀ kan náà tó jẹ́ kí gbòǹgbò kọjá nígbà tó rin lè dà bí òkúta nígbà tó gbẹ, ẹ á sì dá a lẹ́bi lórí ohun tí kò ṣe. Àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wọn líle ilẹ̀ ń lo megapascal 2 (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń ti nǹkan) bí ààlà: bó bá ti dé ibẹ̀, ìdàgbà ọ̀pọ̀ gbòǹgbò á fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró, àfi tí ó bá rí ihò ekòló tàbí ojú ọ̀nà gbòǹgbò tó ti kú.

Kì í ṣe pé gbòǹgbò kò lágbára láti tì nìkan. Gbòǹgbò máa ń tú afẹ́fẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní ethylene jáde. Nínú ilẹ̀ tó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ yẹn á gba inú ihò wẹ́wẹ́ lọ. Nínú ilẹ̀ tó kì, kò rọ́nà lọ, á kó jọ yí ṣóńṣó ká, gbòǹgbò á wá gbà á bí àmì pé kó dúró, kó má gùn mọ́, kó nípọn. Ìdí nìyẹn tí gbòǹgbò inú ilẹ̀ líle fi máa ń kùǹdù.

Bí ẹ ṣe máa tú u:

- Tí pẹpẹ líle náà kò bá jìn, ẹ fi fọ́ọ̀kì oko tàbí irin gbé ilẹ̀ sókè díẹ̀ kó sán, láìyí i dojú bolẹ̀. Ẹ ṣe é nígbà tí ilẹ̀ rin díẹ̀, tí kò sì lẹ̀ mọ́ irin.
- Tó bá jìn, ẹ jẹ́ kí gbòǹgbò bá yín ṣe é. Ẹ gbin òtílì tàbí ohun mìíràn tí gbòǹgbò rẹ̀ ń lọ sísàlẹ̀ gan-an. Tó bá gbó, ẹ gé e lókè ilẹ̀, ẹ má hú u. Gbòǹgbò rẹ̀ á jẹrà síbẹ̀, ojú ọ̀nà rẹ̀ á sì kù fún gbòǹgbò wẹ́wẹ́ ohun tí ẹ bá gbìn tẹ̀ lé e.
- Ẹ ya ọ̀nà ẹsẹ̀ sọ́tọ̀, kí ẹ má tẹ orí ebè mọ́.

Tí ẹ bá tú ilẹ̀ tán, tí ẹ tún ń rìn lórí rẹ̀ lẹ́yìn òjò, iṣẹ́ àṣedànù ni. Mo ti tú ilẹ̀ alámọ̀ kan nígbà tó ṣì tutù rí, torí àkókò ìgbìn ń lọ. Gbogbo ọdún yẹn ni mo fi ń wo àbájáde rẹ̀: ìṣù líle tí gbòǹgbò kò wọ̀, àlàfo ńlá láàárín wọn. Ẹ mú ilẹ̀ díẹ̀, ẹ rọ́ ọ bí okùn láàárín àtẹ́lẹwọ́. Tó bá di okùn tó gùn, tí kò já, ẹ padà sílé, kò tíì tó tú.

## Ìkẹta: kíkan

Tí irin bá wọlẹ̀ dáadáa, tí gbòǹgbò sì kúrú tó kùǹdù, ẹ wọn pH. Ẹ bu ilẹ̀ láti ibi púpọ̀, ẹ pò ó pọ̀, ẹ wọ̀n ọ́n. Ẹ wọn ti òkè lọ́tọ̀, ẹ wọn ti ìsàlẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30 lọ́tọ̀ pẹ̀lú.

Láàárín 6 sí 7, ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn á rọ́wọ́ mú. Tó bá ti bọ́ sí ìsàlẹ̀ 5.5, aluminium tó wà nínú amọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sínú omi ilẹ̀, ṣóńṣó gbòǹgbò ló sì máa ń kọ́kọ́ kọlù. Láàárín wákàtí díẹ̀ ni ìdàgbà ṣóńṣó ti máa ń fà sẹ́yìn. Tó bá kọjá 7.5, ìṣòro mìíràn ni: àwọn oúnjẹ bí èròjà irin (iron), zinc àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì á dì mọ́ ilẹ̀, gbòǹgbò kò sì ní rí wọn fà. Ẹ mọ ohun tí ẹ gbìn, ó ní ewéko tó fẹ́ràn kíkan. Igi tíì ń gbádùn ilẹ̀ tí pH rẹ̀ wà ní 4.5 sí 5.5, tí ẹ bá sì da òkúta ẹfun sí ìdí rẹ̀, ẹ ń ṣe é níbi ni.

Fún ilẹ̀ tó kan, òkúta ẹfun lílọ̀ ni oògùn rẹ̀. Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta:

1. Ẹ pò ó mọ́ ilẹ̀ dé ibi tí gbòǹgbò ń lọ. Èyí tí ẹ bá wọ́n sórí ilẹ̀ lásán kì í tètè sọ̀ kalẹ̀. Kálísíọ̀mù inú rẹ̀ kì í sì ti ewé padà wá sí gbòǹgbò. Ibi tí ṣóńṣó wà gan-an ló ti gbọ́dọ̀ rí i.
2. Ẹ ṣe é ní oṣù mélòó kan kí ẹ tó gbìn. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan.
3. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ ajílẹ̀ tó ní ammonia (èròjà olóòórùn líle tó ní náítírójìn nínú) tàbí ìgbẹ́ ẹran tútù lọ́jọ́ kan náà. Náítírójìn á fò lọ sínú afẹ́fẹ́.

Eérú igi náà ń dín kíkan kù, ó sì yára ju òkúta ẹfun lọ, ìdí nìyẹn tó fi rọrùn láti ṣì í lò. Ẹ wọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ wọn pH lẹ́yìn rẹ̀, ẹ má sì dà á lu irúgbìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù.

## Iyọ̀, ajílẹ̀ tó le, àti ooru

Èyí kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Tí ẹ bá rí ohun funfun tó bo ojú ilẹ̀ tàbí etí ìkòkò, tí ẹnu ewé ń jó, iyọ̀ ti pọ̀. Iyọ̀ ń fa omi kúrò lọ́wọ́ gbòǹgbò. Ẹ bu omi tó pọ̀ sí i kó fi fọ iyọ̀ náà lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ rí i dájú pé omi ń rìn nínú ilẹ̀ yẹn kí ẹ tó ṣe é.

Ajílẹ̀ oníhóró tí ẹ bá kó jọ sí ìdí irúgbìn ń jó gbòǹgbò wẹ́wẹ́ lọ́nà kan náà. Ẹ fi í sí ẹ̀gbẹ́, sẹ̀ǹtímítà 5 sí irúgbìn, kó sì jìn ju irúgbìn lọ ní sẹ̀ǹtímítà 5. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ammonia. Ẹ jẹ́ kó jẹrà títí kò fi ní gbóná mọ́, tí òórùn rẹ̀ á fi di ti ilẹ̀.

Ní ti ooru, ọ̀pọ̀ gbòǹgbò ń dàgbà dáadáa nígbà tí ilẹ̀ bá wà láàárín 20 sí 30 lórí ìwọ̀n Celsius. Tó bá ti kọjá 35, àwọn wẹ́wẹ́ tó wà lókè á bẹ̀rẹ̀ sí í jìyà. Koríko gbígbẹ tàbí ewé tí ẹ tẹ́ sórí ilẹ̀, kó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10, ń mú ilẹ̀ tutù, ń dá ọ̀rinrin dúró, ó sì ń bọ́ ekòló. Ẹ má jẹ́ kó fara kan ìdí igi, kó má baà jẹrà.

## Oúnjẹ, níkẹyìn

Mo fi í sí ẹ̀yìn, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò tí kò rí afẹ́fẹ́ tàbí tí aluminium ń pa kò lè jẹ ohun tí ẹ gbé síwájú rẹ̀.

Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì kì í rìn nínú ilẹ̀ ju mìlímítà mélòó kan lọ. Gbòǹgbò ló gbọ́dọ̀ lọ bá a. Níbi tó bá ti wọ́n, ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn máa ń hu irun gbòǹgbò tó gùn tó sì pọ̀ sí i. Olú tíntìntín kan tún wà tó ń wọ inú gbòǹgbò, tó ń na fọ́nrán rẹ̀ sínú ilẹ̀ kọjá ibi tí irun gbòǹgbò lè dé, tó ń gbé fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì wá, tó sì ń gba ṣúgà bí owó iṣẹ́. Èyí tó pọ̀ jù lọ nínú ewéko orí ilẹ̀ ló ní irú alájọgbé yìí. Ẹbí kábéèjì kì í sábà ní in. Títú ilẹ̀ léraléra ń já fọ́nrán rẹ̀, àpọ̀jù ajílẹ̀ fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì sì ń mú kí ohun ọ̀gbìn lé e lọ. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra olú yìí nínú àpò kí ẹ tó dín títú ilẹ̀ kù, ẹ dúró ná.

Náítírójìn ní tirẹ̀, ibi tó bá wà ni gbòǹgbò ti ń yọ ẹ̀ka púpọ̀. Tó bá pọ̀ jù káàkiri, ewé á dàgbà ju gbòǹgbò lọ, ọjọ́ tí omi bá wọ́n ni ẹ máa mọ̀. Ẹ pín in sí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta.

## Ìdánwò inú ìgò, fún ẹni tí kò dá lójú

1. Ẹ gé orí ìgò oníke mẹ́ta, ẹ dá ihò sísàlẹ̀ wọn.
2. Ẹ bu ilẹ̀ oko yín sí ọ̀kan bó ṣe wà. Sí ìkejì, ilẹ̀ náà pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́ta ajílẹ̀ tó ti jẹrà. Sí ìkẹta, ilẹ̀ náà pẹ̀lú òkúta ẹfun lílọ̀ díẹ̀.
3. Ẹ gbin àgbàdo tàbí ẹ̀wà méjì-méjì, kí wọ́n sún mọ́ ara ìgò.
4. Ẹ fi aṣọ dúdú wé ìgò, torí gbòǹgbò kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ẹ dá a gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí ẹ̀gbẹ́ tí ẹ gbìn sí wà nísàlẹ̀. Gbòǹgbò á máa gba ara ike lọ, ẹ á sì rí i.
5. Omi kan náà fún gbogbo wọn. Ẹ tú aṣọ wò ní ọjọ́ 7 àti ọjọ́ 14.

Tí ìkẹta bá ju àkọ́kọ́ lọ gan-an, kíkan ni. Tí ìkejì nìkan bá dára, ilẹ̀ yín kò ní ohun tó jẹrà nínú. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dára, ẹ padà lọ sí irin àti ihò omi, nítorí bíbu tí ẹ bu ilẹ̀ sínú ìgò ti tú u. Ìgò kò lè fi ilẹ̀ líle hàn yín.

## Ẹni tó ń gbìn sínú ìkòkò

- Ẹ má fi òkúta wẹ́wẹ́ sísàlẹ̀ ìkòkò torí omi. Omi máa ń dúró sórí òkúta náà títí ilẹ̀ òkè rẹ̀ á fi rin gbindin. Ẹ kàn ń gbé ibi tó rẹ sún mọ́ gbòǹgbò ni. Ihò ìsàlẹ̀ ni kí ẹ bójú tó.
- Ìkòkò oníke dúdú nínú oòrùn máa ń se gbòǹgbò tó wà létí rẹ̀. Ẹ kó àwọn ìkòkò jọ kí wọ́n ṣíji bo ara wọn, tàbí kí ẹ wé wọn.
- Gbòǹgbò tó ti yí po inú ìkòkò kò ní tú ara rẹ̀ ká nínú ilẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ là á ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ẹ tó gbìn ín.

## Àṣìṣe nígbà tí ẹ bá ń ṣí ọ̀gbìn lọ sóko

Ìṣẹ́jú díẹ̀ nínú oòrùn àti afẹ́fẹ́ ti tó láti pa irun gbòǹgbò. Ẹ ṣe é nírọ̀lẹ́, ẹ bomi rin ín kí ẹ tó yọ ọ́, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ bá a lọ. Nínú ilẹ̀ alámọ̀ tó tutù, ṣọ́bìrì máa ń dán ara ihò bí ìkòkò amọ̀, gbòǹgbò kì í sì lè gba ibẹ̀ jáde. Ẹ fi irin ha ara ihò náà kó rí págunpàgun. Ẹ fọwọ́ tẹ ilẹ̀ mọ́ ọn kí àlàfo má sí, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹsẹ̀ gún un.

## Ìgbà wo ni kí ẹ tún gbẹ́ ẹ wò?

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 3 tí ẹ bá ṣàtúnṣe omi tàbí ilẹ̀ líle, ẹ gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ kejì ohun ọ̀gbìn náà. Ti òkúta ẹfun, ẹ fún un ní oṣù 3 ó kéré tán. Ṣóńṣó funfun tuntun ni ẹ ń wá, àti ẹ̀ka tó kọjá ibi tí ẹ wọ̀n lọ́jọ́sí. Ìyípadà nísàlẹ̀ máa ń ṣáájú ti òkè. Ewé tó ti pọ́n kì í sábà padà di tútù, nítorí náà ẹ má fi í ṣèdájọ́. Ewé tuntun tó ń yọ ní orí ni kí ẹ máa wò.